Owó Fàdákà Onihò láti Virginia: Ẹ Má Tíì Fọ̀ Ọ́, Ẹ Má Tíì Tà Á

Ìwé tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ti ọ̀dọ̀ tíṣà àgbà kan wá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwòrán méjì ló fi sínú rẹ̀, àwòrán ojú àti ẹ̀yìn owó kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò. N ó kọ́kọ́ jẹ́ kí tíṣà sọ tẹnu rẹ̀, nítorí ẹni tí ẹrù ń bẹ lórí rẹ̀ ló mọ bó ṣe wúwo tó.

"Baba Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Virginia ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní ẹ̀rọ kan tó fi ń wá irin nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Bí ẹ̀rọ náà bá ti ké, a jẹ́ pé nǹkan wà níbẹ̀. Ìyá arúgbó òyìnbó kan gbà á láyè pé kí ó máa rìn nínú oko àgbàdo tó wà lẹ́yìn ilé òun. Ní oṣù tó kọjá, ó hú owó kan jáde níbi tí àfọ́kù bíríkì pọ̀ sí. Ó bá àfọ́kù àwo níbẹ̀, ó bá ìkòkò tábà alámọ̀ tó ti kán, ó sì bá ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró kan. Orí ọkùnrin kan wà lára owó náà, a sì kọ CAROLUS III DEI GRATIA 1781 yí i ká. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, asà aládé wà láàárín òpó méjì, a kọ HISPAN ET IND REX, lẹ́yìn náà M tí o kékeré wà lórí rẹ̀, 2R, àti F F. Ó wọ̀n tó gíráàmù 6.2, ó sì fẹ̀ tó mìlímítà 27. Ihò kan wà lókè orí ọkùnrin náà. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ọmọ mi fẹ́ san dọ́là 15, ó ní ihò náà ti pa owó náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kí ó fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ kí ó lè dán, kí iye rẹ̀ lè ga. Ìyá mi, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ní ẹrù òkú ni, kí ó sọ ọ́ sódò. Ọmọ mi kò sì tíì sọ fún ìyá òyìnbó náà pé òun rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀wọ́, irú owó wo nìyí? Kí ni kí ó ṣe sí i? Ṣé ó tilẹ̀ kàn wá, àwa Yorùbá?"

Alàgbà tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo lẹ́tà tó wà lára owó náà láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tà á pàápàá gbọ́dọ̀ mọ iyì ohun tó dì mọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ìbéèrè yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

IRÚ OWÓ WO NI?

Owó Sípéènì ni, ṣùgbọ́n Mẹ́síkò ni wọ́n ti rọ ọ́. A kò nílò kí a dífá láti mọ èyí. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sára owó náà, àfi pé èdè Látìnì ni wọ́n fi kọ ọ́. CAROLUS ni Charles. DEI GRATIA ni "nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run." HISPAN ET IND REX ni "Ọba Sípéènì àti àwọn ilẹ̀ Índíà," nítorí Índíà ni àwọn ará Sípéènì ń pe àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Amẹ́ríkà. Charles Kẹta yìí jọba láti 1759 títí ó fi wàjà ní 1788, nítorí náà ọdún 1781 tó wà lára owó náà bá ìgbà ayé rẹ̀ mu.

Bí ẹ bá wo asà náà dáadáa, ẹ ó rí ilé olódi àti kìnnìún nínú rẹ̀. Àmì ìjọba Castile àti ti León ni wọ́n, ìjọba méjì tó para pọ̀ nígbà láéláé di orísun ìjọba Sípéènì. Òpó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ asà dúró fún ẹnu ọ̀nà òkun ní Gibraltar, níbi tí àwọn ará àtijọ́ rò pé ayé parí sí. Wọ́n kọ PLUS VLTRA sára ọ̀já tó yí àwọn òpó náà ká, èyí tó fi hàn pé ilẹ̀ ṣì kù níwájú.

M tí o kékeré wà lórí rẹ̀ ni àmì ilé ìrọwó Mẹ́síkò. Ọba Sípéènì ló pàṣẹ pé kí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1535, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. F F kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá. Lẹ́tà orúkọ àwọn olùyẹ̀wò ni, àwọn tó ń dúró fún mímọ́ fàdákà náà. Ẹ̀yin oníkòkó mọ irú iṣẹ́ yẹn: gẹ́gẹ́ bí ayẹ̀kòkówò ti ń fi òǹtẹ̀ lu àpò kí a lè mọ ẹni tí a ó mú bí kòkó bá bu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń fi lẹ́tà orúkọ wọn sára owó. Ní Mẹ́síkò, F F ni wọ́n lò láti 1777 títí di 1784. Ṣáájú ìgbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀, F M ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé owó Mẹ́síkò ọdún 1781 tó ní F M wá fún yín, ẹ tún un wò kí ẹ tó fọwọ́ sápò.

2R ni real méjì. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Real 8 ló di péṣò kan, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dọ́là Sípéènì. Péṣò odindi wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 27. Real 4 jẹ́ 13.5, real 2 jẹ́ 6.77, real 1 jẹ́ 3.38, ààbọ̀ real sì jẹ́ 1.69. Ti ọmọ yín jẹ́ 6.2 nítorí pé ọwọ́ ti jẹ ẹ́, tí a sì ti lu fàdákà díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n owó ìgbà náà, nǹkan bíi 903 ni fàdákà, bàbà ni ìyókù.

Báwo ló ṣe dé Virginia? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í fi owó fàdákà tó pọ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn ará Virginia ń ta ìyẹ̀fun àti pákó sí àwọn erékùṣù Karíbíà, owó Sípéènì ni wọ́n sì ń gbà bọ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà gba òmìnira, òfin owó wọn ti ọdún 1792 fi dọ́là Sípéènì ṣe ìwọ̀n dọ́là tiwọn. Òfin 1793 gbà kí owó Sípéènì máa jẹ́ níná lọ, ó sì ń jẹ́ níná títí òfin 1857 fi fagi lé e. Nígbà yẹn, ọwọ́ ti jẹ àwọn tó kù débi pé sẹ́ńtì 20 ni ìjọba ń gba real méjì, dípò 25 tó yẹ kó jẹ́.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, tíṣà, nítorí n ó padà sórí rẹ̀: ọdún 1781 ni wọ́n rọ owó náà, kì í ṣe ọdún tó sọnù. Ó lè ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún àádọ́rin ọdún kí ó tó bọ́ sílẹ̀.

BÍ A ṢE Ń MỌ ÀWỌN YÒÓKÙ

Mo mọ̀ pé ọmọ tíṣà nìkan kọ́ ló ní irú ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ka àwọn àmì mìíràn fún yín. Bí owó fàdákà Sípéènì kò bá yípo dáadáa, tó rí gánnágànná bíi kúlíkúlí tí a fi ọwọ́ ṣẹ́, ti àtijọ́ ni, òòlù ni wọ́n fi lù ú lọ́wọ́. Láti 1732 ni Mẹ́síkò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ owó tó yípo. Láti ìgbà náà títí di 1772, ẹ kò ní rí orí ọba lára rẹ̀; ayé méjì lábẹ́ adé kan lẹ ó rí, láàárín òpó méjì, pẹ̀lú ìgbì omi nísàlẹ̀. Láti 1772 lọ ni orí ọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, tó fi ewé dé orí bíi ti àwọn ọba Róòmù. Irú èyí ni ti ọmọ yín.

Àmì ilé ìrọwó ni yóò sọ ìlú tó ti wá. Bí lẹ́tà P, T àti S bá wọnú ara wọn, Potosí ni, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Bòlífíà lónìí, níbi tí wọ́n ti fipá kó àwọn ọmọ onílẹ̀ wọ inú òkè fàdákà. Bí lẹ́tà LIMA bá lọ́ mọ́ra wọn, Pẹrú ni. NG ni Guatemala, NR ni Bogotá, S tó ní o kékeré lórí ni Santiago ní Ṣílè.

ṢÉ OJÚLÓWÓ NI?

Owó ayédèrú ti wà láti ìgbà náà. Àwọn kan rọ real méjì láti inú bàbà, wọ́n sì fi fàdákà fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Àwọn mìíràn ni a ń ṣe lónìí fún títà fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1973 ní kí a kọ COPY sára irú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn kọ́ ló ń pa òfin mọ́.

Ìdánwò mẹ́ta wà tí ọmọ yín lè ṣe láìba owó náà jẹ́. Àkọ́kọ́, kí ó fi irin òòfà sún mọ́ ọn. Òòfà kì í fa fàdákà. Bí owó náà bá fò mọ́ ọn, irin wà nínú rẹ̀. Èkejì, kí ó fi awò amúǹkan-tóbi wo etí rẹ̀, bóyá yóò rí ojú ibi tí a ti lẹ abala méjì pọ̀, tàbí ibi tí awọ fàdákà ti bó tí pupa bàbà ń yọ.

Ẹ̀kẹta ni ti omi, èyí tí ẹ̀yin tíṣà lè fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì. Kí ó gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, kí ó sì dá òṣùwọ̀n náà padà sí òdo. Kí ó wá fi fọ́nrán òwú so owó náà, kí ó rì í sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ ife. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà ni ìwọ̀n omi tí owó náà tì sẹ́yìn. Owó fàdákà tó wọ̀n 6.2 yóò ti omi tó nǹkan bíi gíráàmù 0.6 sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ bàbà, á súnmọ́ 0.7. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í ṣojúsàájú.

Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi, ọba, ọdún, ilé ìrọwó àti lẹ́tà olùyẹ̀wò bára wọn mu. Bí ìdánwò omi bá tún gbè é lẹ́sẹ̀, kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ MÁ FỌ̀ Ọ́

Èmi fúnra mi ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Ìyá mi fi ṣílè fàdákà kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n rọ ní 1913 fún wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó sì ní orí Ọba Jọ́ọ̀jì lára. Mo fẹ́ kí ó dán kí n lè fi han àwọn àlejò. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ha á láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọba náà pa rẹ́ bí ojú ẹni tó sùn sínú ìyẹ̀fun. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, ó ní ìwọ̀n fàdákà nìkan lòun lè rà lọ́wọ́ mi báyìí. Ohun tí ìyá mi pamọ́ fún ọgọ́ta ọdún, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́ ní òwúrọ̀ kan.

Dúdú ara owó náà kì í ṣe ìdọ̀tí. Imí ọjọ́ tó wà nínú ilẹ̀ ló bá fàdákà dàpọ̀, tó sì di awọ fẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín ní iyẹ̀ líle nínú tí ń ha irin. Bí ọmọ yín bá fi fọ̀ ọ́, yóò ha lẹ́tà olùyẹ̀wò kúrò, yóò ha ọdún kúrò, yóò sì fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀ tí gbogbo ẹni tó mọ owó yóò rí. Kí ó rì í sínú omi dístílì, irú èyí tí àwọn oníbátìrì mọ́tò ń tà, kì í ṣe ásíìdì o! Kí iyẹ̀pẹ̀ rọ̀ kúrò fúnra rẹ̀, kí ó sì fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ láìfi aṣọ nu ún. Kí ó fi sínú àpò ìwé. Rọ́bà rírọ̀ tí à ń pè ní PVC kò dára fún un, nítorí ó máa ń yọ omi aláwọ̀ ewé tí ń jẹ irin.

IHÒ NÁÀ ŃKỌ́?

Ẹni tó fẹ́ san dọ́là 15 sọ pé ihò náà ti pa owó náà. Ní ti ọjà, kò parọ́ pátápátá. Àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ kì í san púpọ̀ lórí èyí tí a ti lu, owó Mẹ́síkò ìgbà náà sì pọ̀ lọ súà. Kí ọmọ yín má tìtorí rẹ̀ máa wá ilẹ̀ tí yóò kọ́lé sí. Ṣùgbọ́n ọjà nìkan kọ́ ni nǹkan ti ń níyì.

Àwọn àgbà rántí ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ onihò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú wá síhìn-ín. Ihò ti wọn yẹn, àárín gangan ló wà. Láti ilé ìrọwó ló ti wá, kí a lè máa fi okùn sín in. Owó Sípéènì kì í ní ihò láti ilé ìrọwó. Ẹnìkan ló mú ìṣó, tó gbé e lé orí ọba, tó sì fi òòlù lù ú. Ẹni tó bá lu owó ara rẹ̀ mọ̀ pé òun ti bu iye rẹ̀ kù lọ́jà. Kò fẹ́ ná an mọ́ ni. Ó fẹ́ kí ó wà lára òun tàbí lára ẹni tí òun fẹ́ràn.

Ní Virginia, ní Maryland àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn níbẹ̀, àwọn onímọ̀ tí ń walẹ̀ wádìí ìtàn ti rí irú owó fàdákà onihò báyìí níbi tí ilé àwọn ẹrú wà nígbà kan rí. Wọ́n ti rí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró pẹ̀lú ní irú ibẹ̀. Láàárín 1936 àti 1938, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn akọ̀wé lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó tó ti ṣe ẹrú rí. Àwọn kan nínú wọn sọ pé àwọn a máa so owó fàdákà onihò mọ́ ọrùn tàbí mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí aburú àti àìsàn má baà sún mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n kí a má sáré ju ẹsẹ̀ wa lọ. Àwọn òyìnbó náà ń lu owó. Ìyá lè rán an mọ́ aṣọ ọmọ, ọ̀dọ́mọkùnrin lè fi ta ọmọge lọ́rẹ. Owó náà lè sọ ọba fún wa, ó lè sọ ọdún, ó lè sọ ìlú. Kò lè sọ ẹni tó fi í kọ́ ọrùn. Ilẹ̀ ló lè sọ ìyẹn. Bíríkì yẹn, àfọ́kù àwo yẹn, ìkòkò tábà àti ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn. Bí a bá fa owó náà yọ láàárín wọn láìkọ ibi tí olúkúlùkù wà sílẹ̀, a dà bí adájọ́ tó lé àwọn ẹlẹ́rìí jáde ní kóòtù kí ó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

ṢÉ Ó KÀN WÁ?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni n ó sọ fún yín, bí kò tilẹ̀ dùn létí. Bí ó bá jẹ́ ẹrú ló ni owó náà, kò dájú pé ọmọ Yorùbá ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Virginia wá láti etíkun ìhà ilẹ̀ Ìgbò, láti Sẹ̀nẹ̀gáḿbíà àti láti Àǹgólà. Ibi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ jù ni Bràsíìlì àti Kúbà, pàápàá lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Nítorí náà kí ọmọ yín má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti rí owó bàbá ńlá òun.

Síbẹ̀, irú owó náà kàn wá gan-an. Lẹ́yìn 1807 tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn tirẹ̀, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì ṣì ń kó ènìyàn ní Wídà àti ní Èkó. Dọ́là fàdákà wà lára ohun tí wọ́n ń kó wá san, pẹ̀lú tábà àti ọtí. Ní etíkun wa nígbà náà, egbàá owó ẹyọ ni àwọn oníṣòwò sábà ń kà sí dọ́là kan. A jẹ́ pé irú real méjì yìí tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta owó ẹyọ.

Ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ènìyàn wa ní Lukumí, owó yìí kan náà ni ẹrú fi ń ra ara rẹ̀ padà. Òfin wọn ti 1842 sọ pé bí ẹrú bá ti kó ó kéré tán péṣò 50 wá, olówó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ̀ láti dá iye lé e. Láti ọjọ́ náà ni iye rẹ̀ ti dúró sójú kan, tí yóò máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ jọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà létí wa, ṣùgbọ́n ó burú jù ú lọ: ìwọ̀fà ń sìn nítorí owó tí a yá, àwọn wọ̀nyí ń san owó nítorí ara tí wọ́n bí wọn pẹ̀lú. Àwọn tó rí i san ń sin ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń ta ohun ọ̀gbìn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń fọṣọ ní ìgboro. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bá mi ṣírò péṣò 50 yẹn: igba real méjì ni. Igba irú owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ tíṣà, kìkì kí a lè dá iye lé ènìyàn!

Ẹni tó bá wá rí irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ ẹrú, tó ní ihò lára, kò yẹ kó fi ojú dọ́là 15 wò ó.

OHUN TÍ ỌMỌ YÍN YÓÒ ṢE

Ìyá yín àgbà ní ẹrù òkú ni. N kò bá a jiyàn. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ sódò, àwa náà ti bá àwọn tó gbàgbé ẹni náà gbàgbé rẹ̀. Kò sí èèwọ̀ nínú owó náà. Ohun tó lè di èèwọ̀ ni pé kí ọmọ olùkọ́ mú ohun tó rí lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn pamọ́ sápò.

Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ dáwọ́ wíwa ilẹ̀ dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ tó ní bíríkì, àwo àti ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ kì í ṣe oko lásán. Kí ó kọ ibi gan-an tó ti rí owó náà sílẹ̀: ìṣísẹ̀ mélòó láti igun ilé tàbí láti ìdí igi wo, báwo ló ṣe jìn tó. Kí ó ya àwòrán ibẹ̀. Kí ó dá àwọn àfọ́kù náà mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó má baà kó wọn pọ̀ mọ́ ti ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà, kí ó mú owó náà lọ bá ìyá òyìnbó yẹn, kí ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá náà gbà á láyè láti rìn. Kò sọ fún un pé kó máa gbé ohun tó bá rí lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó ní kí ó máa mú un lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó ní òun fẹ́ ẹ. Èyí ó wù kó jẹ́, kí àwọn méjèèjì kọ àdéhùn wọn sílẹ̀ nípa ohun tí wọ́n bá tún rí. Kí wọ́n sì jọ ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀ ní yunifásítì tó sún mọ́ wọn, tàbí sí ilé iṣẹ́ ìjọba Virginia tí ń bójú tó ohun ìtàn, kí wọ́n wá wo oko náà. Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan ńlá níbẹ̀, tí ìyá náà sì gbà, ọmọ yín lè ta owó rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, lójú mọ́mọ́.

Ẹ kìlọ̀ fún un pẹ̀lú pé kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ náà wọ ọgbà ìjọba àpapọ̀ tàbí pápá ogun àtijọ́ tó wà lábẹ́ ìjọba. Òfin wọn ti 1979 dáàbò bo ohun àtijọ́ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, wọn kì í sì fi ṣeré. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1996 wà níbẹ̀ náà lórí ìṣúra tí a bá hú nílẹ̀. Kí wọ́n kà á kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ sọ́wọ́. Abéèrè kì í ṣìnà.

Tíṣà, ẹ bá mi kí ìyá wa àgbà. Bí ọmọ yín bá ti rí ìyá òyìnbó náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ̀wé sí mi kí n lè sọ ohun tó wí fún àwọn òǹkàwé wa. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ní owó àtijọ́ nínú àpótí ìyá yín, ẹ wo ohun tí a kọ sí i lára lálẹ́ òní. Ẹ má gbé eérú sún mọ́ ọn o.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.